Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá

Oṣù kìíní ní Katowice. Yìnyín ti lẹ̀ mọ́ fèrèsé.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ onírun, mo wọ ti rọ́bà,
mo gbé ìgò tí kò tó àtàǹpàkò sókè sí iná:
ohun inú rẹ̀ rí bàìbàì bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Àdán ni, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ;
ó ń ṣàn bí omi, ó sì tò bí iyọ̀.

Musioł, ọ̀gá mi, kì í pè wọ́n ní mólékù.
"Àwọn ọmọ ọ̀pá," ló máa ń wí, á rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.
Wọ́n gùn, wọ́n tín-ín-rín,
iná ń fa orí wọn, iná ń lé ìdí wọn.
Kò sí olórí láàárín wọn,
síbẹ̀ wọ́n to ara wọn síhà kan náà,
àwọn kan gbórí sókè, àwọn kan dorí kodò,
bí igi ìṣáná nínú páálí tí ọmọdé dì.

Mo fi iná sí i, iná tí ń lọ tí ń bọ̀.
Ó ní ọ̀tún, wọ́n ní ọ̀tún.
Ó ní òsì, wọ́n ní òsì.
Mo mú un yára: ẹgbẹ̀rún ìgbà, mílíọ̀nù ìgbà
kí èèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Ọ̀kan fẹ́ yí; èjìká aládùúgbò dí i lọ́nà,
itan ẹlòmíràn há a mọ́lẹ̀,
kí ó tó kọjú síbi tí iná wí, iná ti yí èrò padà.
Lórí bébà, ìlà mi rọra wálẹ̀
bí ohùn ẹni tí ó rí i pé a kò gbọ́ òun mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà mi, Alojz, ní Nikiszowiec.
Wọ́n ti ihò èédú pa lọ́jọ́ Ẹtì;
fún ọdún mọ́kànlá, aago mẹ́rin òru ṣì ń jí i,
á wọ bàtà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
á kọjú síbi tí gbogbo àdúgbò ti máa ń kọjú sí.
Ẹ má bú u. Èrò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ewald, àbúrò mi, kò ní irú sùúrù yẹn.
Ó gba Bergen lọ, ó lọ ń kun ọkọ̀ ojú omi.
Láàárín ọdún kan ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ lórí fóònù,
ó gbàgbé orúkọ tí à ń pe ìdáná ilé wa.
Mo sunkún, mo sọ fún un pé òtútù ni.

Lónìí mo da bẹnsíìnì sí i, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
bẹnsíìnì tí kò lórí, tí kò nídìí,
tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá bí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni.
Nígbà tí ọ̀pá ku ìdá kan nínú mẹ́wàá,
bàìbàì inú ìgò lọ ráúráú;
mo rí ìka ara mi ní òdìkejì.
Mo tan iná. Háà! Wọ́n ń yí bí òkòtó,
bílíọ̀nù ìgbà, kò sẹ́ni tó dí ẹnikẹ́ni lọ́nà,
kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni.
"Ewald," ni mo wí, mo sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò pé.
Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta;
ohun tí iná rí kéré sí iye orí tó wà nínú ìgò.
Mo fọ ìgò, mo fọ ọwọ́, mo dá ẹ̀rọ lẹ́bi.
Musioł wo bébà títí tíì rẹ̀ fi tutù.
"Bogumiła, ẹ̀rọ kò purọ́. Àwọn kan ti rí ara wọn.
Nínú gbogbo bẹnsíìnì yẹn, méjì méjì ni wọ́n dì mọ́ra,
orí ẹnì kan ní ìdí ẹnì kejì.
Iná ń wá wọn, kò rí wọn."

Ní alẹ́ Ewald pè. Ó ń jẹun, mò ń gbọ́ ṣíbí.
Ó ní òun pàdé ọkùnrin kan níbi ìfọṣọ,
ọmọ Nikiszowiec, ilé kejì sí ti bàbá àgbà.
"Kí lẹ máa ń sọ?"
"A kì í sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú, a máa ń jókòó."
Lẹ́yìn náà ó pe ìdáná ilé wa lórúkọ rẹ̀,
ó sì pè é dáadáa.